Aláago Tó Gbé Aago Tirẹ̀ Lọ Sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́

Kò sẹ́ni tó ń pe ọkùnrin náà lórúkọ mọ́. Aláago ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é, àgàgà nígbà tí inú bá ń bí i. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó há sáàárín ilé onífọ́tò àti ibi tí wọ́n ti ń gé kọ́kọ́rọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré débi pé bí oníbàárà méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fa ikùn wọlé kí èkejì tó lè yí padà. Aago mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló wà lára ògiri, gbogbo wọn ló sì ń rìn pọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó fi ìṣẹ́jú kan ṣáájú àwọn yòókù, ẹ tètè lọ bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ara Aláago ò yá.

Ọkùnrin náà ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ ọn. Ó lè jókòó fún wákàtí mẹ́ta gbáko, kó há awò kékeré sójú kan, kó máa fi ẹ̀mú tín-ín-rín wá kẹ̀kẹ́ inú aago tí kò tó hóró ìrẹsì. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó rẹ̀ á pè é láti ẹ̀yìn pé oúnjẹ ti délẹ̀, kò ní gbọ́. Á tún pè é, kò ní gbọ́. Á pè é lẹ́ẹ̀kẹta, òfo ni. Ìgbà tí obìnrin náà bá wá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ ni á tó ta gìrì: "Ṣé o pè mí ni?" Ìyàwó ní bí olè bá wá kó ṣọ́ọ̀bù náà tàga-tàga, ńṣe ni Aláago máa gbé ẹsẹ̀ sókè fún wọn kí wọ́n lè ráyè gbé àpótí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sápò, a máa lò ó níwájú.

Ọkùnrin onísùúrù yìí kan náà ni lífìtì ń lé kiri. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: lífìtì, àpótí onírin tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó gbé aago ògiri kan lọ fún àwọn kan ní ọ́fíìsì wọn ní àjà kẹfà. Láàárín àjà kẹta àti ìkẹrin, ẹ̀rọ náà dúró gbọin, òun nìkan ṣoṣo nínú rẹ̀, pẹ̀lú aago mọ́ àyà. Ẹlòmíràn tó bá há sínú lífìtì lè sọ tó bá jáde pé ó pẹ́ díẹ̀, tàbí pé kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Aláago ò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Aago tó gbé dání ń ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ó gbé aago náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín, ó bá wọn gbé e kọ́, ó tọ́ ọ kó dúró déédéé, ó sì gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti rí ilẹ̀kùn lífìtì báyìí, ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, òógùn á bò ó.

Ìbá máa gun àtẹ̀gùn títí ayé, orúnkún rẹ̀ ni kò gbà. Dókítà ti sọ fún un pé orúnkún ọ̀tún ti jẹ tán nínú, pé àtẹ̀gùn tó bá ti ju mẹ́wàá lọ, kó gbàgbé ẹ̀. Ó gbàgbé ẹ̀ lóòótọ́, torí kò sí ohun tó ń wá lókè ilé ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, kó lọ sí àjà kẹsàn-án.

Ilé alájà mẹ́rìnlá ni, èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì fún ìdajì wákàtí kó tó débẹ̀. Ọkọ ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń lò lórí omi kó tó wálé. Nígbà tí ọmọ náà lóyún, tí oyún pé oṣù mẹ́rin, dókítà ní kó má rìn kiri mọ́, kó dùbúlẹ̀, torí oyún ọ̀hún ń fẹ́ bọ́. Bí Aláago ṣe dẹni tí kò fojú kan ọmọ rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ọmọ ò lè sọ̀ kalẹ̀, bàbá ò lè gòkè.

Ní gbogbo Sátidé, tọkọtaya náà á jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ. Ìyàwó á gbé kúlà oúnjẹ, á wọ inú ilé lọ. Aláago á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní òdìkejì títì, torí ó ní òun ò fẹ́ rí ilẹ̀kùn lífìtì yẹn, ì báà jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni á ti máa fi fóònù bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ lókè, ọrùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ọwọ́ kan á yọ lójú fèrèsé pẹ̀lú aṣọ ìnura aláwọ̀ ìyeyè, á máa jù ú kí i. Òun náà á ṣí fìlà, á máa jù ú. Ọjọ́ kan wà tó ju fìlà sí fèrèsé tí kì í ṣe tiwọn fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá arúgbó kan tó ń nu gíláàsì ní àjà kẹjọ ló ń dá a lóhùn, ó rò pé òun rí olólùfẹ́.

Ìyàwó máa ń pẹ́ kó tó padà. Tó bá dé, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, aṣọ rẹ̀ á ti rin fún òógùn, á ní ilé ìdáná ọmọ yẹn ló gbóná. Tí wọ́n bá délé, á jókòó, á máa fi òróró ra ẹsẹ̀, á ní iṣẹ́ ilé ti pọ̀ jù fún òun. Aláago ò bi í ní nǹkan kan. Yẹ̀yẹ́ tí obìnrin náà ń fi í ṣe ò jẹ́ kó ráyè wádìí.

"Lífìtì!" ni ìyàwó á wí nínú bọ́ọ̀sì, tí gbogbo èrò á gbọ́. "Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń wọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó gbé yín, ó parí. Kí ló wá le níbẹ̀?"

"Ìwọ ò tíì há síbẹ̀ rí ni."

"Tí mo bá há síbẹ̀, oorun ni màá sùn."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá máa jẹ́ ẹ̀rín lọ bẹ́ẹ̀, àfi Sátidé kan tí ọmọ náà sọ fún un lórí fóònù pé wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa fi gbé ọmọ jáde. "Ọjọ́bọ̀ ni, Bàámi. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Ohùn rẹ̀ ò dún bí ti tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí. Màámi ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wọ́n. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wá jókòó tì mí díẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi lọ. Kì í ṣe lórí bẹ́ǹṣì."

Aláago ní òun á wá. Ó sọ ọ́ kíá, ó pa fóònù, ó dìde, ó la títì kọjá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó fojú kan ilẹ̀kùn lífìtì tó ń dán gbinrin lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ó padà sórí bẹ́ǹṣì, omi sì dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ojú ara rẹ̀ tì í gan-an lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni olùkọ́ ìṣirò kan, oníbàárà rẹ̀ láti ogún ọdún, wá gba aago ọwọ́ rẹ̀. Nǹkan kékeré kì í ṣeé fi pamọ́ fún Aláago. Ó rí i pé èékánná ọkùnrin náà ti hù. Láti ogún ọdún tí wọ́n ti mọra, kò rí èékánná lọ́wọ́ rẹ̀ rí, jíjẹ ló ń jẹ gbogbo rẹ̀ kan ẹran.

"Tíṣà, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

Tíṣà wẹ̀yìn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́. Ohun tó ń ṣe ni wọ́n ń pè ní hipinọtẹ́rápì."

"Orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó kó èèyàn láyà jẹ. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ ó jókòó, ara yín á rọ̀, ọkàn yín á pa pọ̀ sójú kan, obìnrin náà á wá máa bá yín sọ̀rọ̀..."

"Wọ́n á mú mi sùn, àbí?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an."

Aláago ò gbọ́ èyí. Ó ti rántí fíìmù kan tó wò nígbà èwe, tí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan mú aago olókùn jáde lápò, tó ń fì í síwá fì í sẹ́yìn níwájú ẹnì kan, tí onítọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí àkùkọ. Ẹlòmíràn á gbọ́ èyí, á sá. Aláago gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Tó bá jẹ́ aago ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ti dé ilé nìyẹn.

Inú ìyàwó rẹ̀ dùn ju tirẹ̀ lọ. Ó pàtẹ́wọ́. "Wọ́n á mú yín sùn, ẹ ó sì máa dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bá bi yín? Mò ń bọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi bèèrè ẹni tó fọ́ abọ́ búlúù mi."

"Ológbò ló fọ́ ọ."

"Ẹ jẹ́ kí oorun yẹn dé ná."

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Aláago ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú aago olókùn onífàdákà kan jáde. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un lọ́jọ́ tó gba òmìnira. Ó tú u, ó nù ún, ó kán òróró sí i, ó tò ó padà, ó fi aṣọ rírọ̀ dán an títí ó fi ń kọ mànà. Ó ní kì í ṣe gbogbo jákujàku aago tí obìnrin náà bá rà ló máa fi mú òun sùn. Bí wọ́n bá máa fi aago ṣe òun, ẹ jẹ́ kó jẹ́ aago gidi.

Ẹ̀yìn ilé oògùn kan ni Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, ní ìsàlẹ̀ ilé, ọpẹ́ ni fún orúnkún. Yàrá náà ò ní nǹkan ìyanu kankan: àga onítìmùtìmù kan, àga méjì mìíràn, ife omi, bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká sórí àpótí, àti aago ògiri tó ní ọ̀pá tó ń fì nínú. Obìnrin náà sanra díẹ̀, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn ní láti tẹ́tí kó tó gbọ́. Ogún ọdún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí.

Aláago jókòó, ó mú aago onífàdákà jáde, ó gbé e lé orí tábìlì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Mo ti mú tèmi wá."

Nọ́ọ̀sì wo aago, ó wo Aláago. "Kí ni ká fi ṣe, Bàbá?"

"Kí ẹ máa fì í."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò kì í fi aago fì lójú èèyàn. Tí mo bá fi èyí fì, tó bá bọ́ ńkọ́? Ẹ ó pa mí." Ó wá ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kò ní sùn. Ó ní á máa gbọ́ ohùn òun, á máa gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá ní títì, ó lè lajú nígbà tó bá wù ú, ó sì lè dìde kó máa lọ sílé. "Mi ò lè fi tipá mú yín ṣe ohun tí ẹ ò fẹ́. Mi ò sì lè fa àṣírí kankan jáde lẹ́nu yín."

"Ti abọ́ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Aláago kó tó mọ̀.

"Abọ́ wo?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ìyàwó, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mí kanlẹ̀. "Kí la wá wá ṣe níbí?"

Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe idán, kì í sì í bá gbogbo èèyàn lára mu bákan náà. Ó ní ẹlòmíràn á wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹlòmíràn á wá lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹlòmíràn ò sì ní rí ìyàtọ̀ kan lọ títí, tí òun á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójúkojú. Ó tún ní òun ò gbapò dókítà, kí Aláago má fi oògùn orúnkún rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ibo ló ti kọ́kọ́ ń rí ẹ̀rù náà lára, ṣé ọ̀fun ni, ṣé àyà ni? Kí ló máa ń wí fún ara rẹ̀ nígbà náà? Aláago ń dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dà bíi pé wọ́n ń béèrè ohun tó ṣe aago.

"Kí lẹ wá fẹ́?" ni Nọ́ọ̀sì bi í níkẹyìn.

"Mo fẹ́ rí ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. Ìyàwó wolẹ̀, kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní kí ìyàwó lọ jókòó síta. Aláago fẹ̀yìn ti àga, ó dijú. "Ẹ mí wọlé," ni ohùn náà wí. "Ẹ mí jáde. Ẹ jẹ́ kí èjìká yín rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín wúwo lórí itan." Aláago ń gbìyànjú, Ọlọ́run mọ̀. Ó mí wọlé, ó mí jáde. Ṣùgbọ́n aago ògiri yẹn! Kì, kọ́-kì, kọ́-kì, kọ́. Ó ń tiro. Ẹsẹ̀ kan gùn, ẹsẹ̀ kan kúrú. Nọ́ọ̀sì ní kó fojú inú wo ibi tútù kan tí ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ sí, aago nìkan ló ń rí. Ó fara dà á fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò lè fara dà á mọ́. Ó lajú, ó dìde, ó rìn lọ síbi ògiri, ó fi ìka kan ti ìdí aago náà sápá òsì díẹ̀, ó tẹ́tí, ó tún tì í tín-ín-ún. Kì-kọ́, kì-kọ́, kì-kọ́.

"Ẹ má bínú," ó wí. "Ó tẹ̀ sápá kan ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń tiro bẹ́ẹ̀?"

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé e kọ́ síbẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí, "kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí."

"Mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́."

"Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Mo ní ẹ lè dìde nígbà tó bá wù yín, ẹ ti dìde." Ó ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kọ́kọ́rọ́ tó ti ń wá. "Tí ẹ bá jókòó ti aago tí ẹ ń tún ṣe, kí lẹ máa ń gbọ́?"

Aláago ronú. "Mi ò kì í gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn ni pé mò ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò kàn mí. Ìyàwó mi ní òun á pè mí..."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta!" ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń pè é, Nọ́ọ̀sì!"

Nọ́ọ̀sì bò ó mọ́ra, kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ibi tí ẹ máa ń lọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ mú yín lọ. Ogójì ọdún lẹ ti ń dá lọ, ẹ ò kàn mọ̀ pé ó lórúkọ ni. Ẹ padà wá jókòó. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní kó wá ibi tútù kankan. Ó ní kó há awò sójú, kó mú ẹ̀mú, kó tẹ orí ba. Aláago rí tábìlì rẹ̀ kedere, ó rí ibi tí iná ti jó eteetí rẹ̀, ó gbọ́ òórùn òróró. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo lórí itan bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹnì kan tó ń kérò lójú títì, ó ń gbọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń yí lórí àga níta, kò sí èyí tó kàn án. Ohùn náà wá ní kó gbé lífìtì yẹn lé orí tábìlì, kó kéré bí aago ọwọ́, kó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tú u. Ó rí okùn irin, ó rí kẹ̀kẹ́, ó rí bí wọ́n ṣe so ọ̀kan mọ́ ọ̀kan. Àyà rẹ̀ fẹ́ lù kìkìkì, Nọ́ọ̀sì ní kó tẹ́tí sí i bí ó ṣe ń tẹ́tí sí aago tó ń sáré, kó jẹ́ kó rọra padà sí ìrìn rẹ̀. Ó kọ́ ọ pé kó pa àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka pọ̀ bí ẹni tó di ẹ̀mú mú, pé nígbàkigbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó rántí ibí yìí. Lẹ́yìn náà ó ka iye láti orí ẹẹ́wàá wá sí ení.

Aláago lajú. "Ìṣẹ́jú mélòó la lò? Márùn-ún?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

Aláago mú aago onífàdákà, ó wò ó, ó gbé e sétí bóyá ó ń sáré. Láti ìgbà tó ti dáyé, àkókò ò ṣì í lọ́wọ́ rí.

Mi ò ní tàn yín, kò parí síbẹ̀. Ó padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Lójoojúmọ́, á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á dijú, á pa ìka méjì pọ̀, á mí. Ìyàwó rẹ̀ ní ọkùnrin náà ti wá rí àwáwí tó lórúkọ fún oorun ọ̀sán. Ní Sátidé, lẹ́yìn tí obìnrin náà bá ti wọlé lọ ("Ẹ jẹ́ kí n lọ ná, ẹ ò ní fẹ́ kí n máa wò yín"), Aláago á wá la títì lọ. Lọ́jọ́ kìíní, ó kan dúró ti ẹ̀ṣọ́, ó wo ilẹ̀kùn lífìtì. Lọ́jọ́ kejì, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọlé tán pátápátá, ilẹ̀kùn fẹ́ pa dé, ẹ̀rù gbé e, ó fò jáde, fìlà rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé fìlà Aláago ló ṣáájú rẹ̀ dé àjà kẹrìnlá. Ẹ̀ṣọ́ bá a mú un nígbà tó padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà, Aláago rò pé òun ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Ó lọ bá Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtìjú yìí. "Kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ṣì bà mí."

"Mi ò sọ pé kò ní bà yín," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mo ní tó bá dé, ẹ ó mọ bí ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan tí aago bá kọ̀, ṣé ẹ máa ń jù ú nù ni?"

Aláago padà jókòó sórí àga, ó dijú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ló dé ẹnu ọ̀nà ilé alájà mẹ́rìnlá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó tún fẹ́ ṣáájú lọ. Aláago di apá rẹ̀ mú. "Ó tì o. Lónìí, a jọ ń lọ ni. O ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wá dì mí lọ́wọ́ mú."

"Ẹ máa lọ, mo gbàgbé ra ọṣẹ."

"Ọṣẹ á dúró dè wá."

Obìnrin náà wo ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ wo òrùlé. Wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn pa dé.

Ọ̀fun Aláago gbẹ. Àyà rẹ̀ gbéra sọ. Ó pa ìka méjì pọ̀, ó dijú, ó tẹ orí ba bí ẹni tó jókòó ti tábìlì. Mí wọlé. Mí jáde. Ẹ̀rọ náà ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì tẹ́tí sí i: ó ń rìn déédéé, kò tiro. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ o, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbangba, ṣùgbọ́n Aláago ló ń darí rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rù ló ń darí Aláago. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú ṣinṣin, èékánná rẹ̀ wọlé sí i lára. Ó wú u lórí pé obìnrin yìí, pẹ̀lú gbogbo ẹnu rẹ̀, ń fún òun lágbára báyìí. Ní àjà kẹjọ, ẹ̀rọ dúró, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá arúgbó kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀, ó wo fìlà Aláago. "Háà! Ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì!" ló wí. Kí Aláago tó lè fèsì, ilẹ̀kùn ti pa dé.

Àjà kẹsàn-án. Ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó wọlé, ọmọ náà wà lórí àga gígùn lẹ́bàá fèrèsé, ikùn rẹ̀ ga, ojú rẹ̀ ti rù. "Bàámi!" ló wí, ó sì bú sẹ́kún. Aláago kúnlẹ̀ tì í, orúnkún ò ráyè dùn ún. Oṣù márùn-ún ni kò ti fọwọ́ kan orí ọmọ yìí.

Nígbà tí ọmọ náà nu ojú tán, ó wo ìyá rẹ̀ tó fara ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà, tí ètè rẹ̀ funfun. Ẹnu yà á. "Màámi, ẹ̀yin náà wọ lífìtì?"

Aláago yí padà. "Kí ló dé tí o fi ní ẹ̀yin náà?"

"Wọn ò sọ fún yín? Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gùn. Gbogbo Sátidé, pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́. Wọ́n ní lífìtì ń pa àwọn láyà láti ìgbà tí ẹ ti há síbẹ̀ ọjọ́sí. Wọ́n ní bí mo bá sọ fún yín, àwọn ò ní gbé ọbẹ̀ wá fún mi mọ́. Ẹ̀ṣọ́ ìsàlẹ̀ pàápàá mọ̀."

Aláago rántí òógùn, ó rántí èémí hẹlẹhẹlẹ, ó rántí òróró tí obìnrin náà fi ń ra ẹsẹ̀. Àjà kẹsàn-án! Yẹ̀yẹ́ ọdún mẹ́rin tó jẹ obìnrin náà ti tò sórí ahọ́n rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti ṣetán. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí ojú èékánná márùn-ún níbẹ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Wá jókòó," ó wí. "Mí wọlé."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mí wọlé. Jẹ́ kí èjìká rọ̀."

Obìnrin náà jókòó, ó mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà sí ètè rẹ̀.

"Èmi ni mo fọ́ abọ́ yẹn," ni Aláago wí.

"Mo mọ̀. Ológbò wo ló ń fi ìwé ìròyìn wé èérún abọ́ kó tó lọ jù ú nù?"

Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ di ikùn mú. Ẹ̀rín náà tán, ojú rẹ̀ sì padà sí bó ṣe wà. "Bàámi, ohun tí wọ́n kọ́ yín yẹn, ẹ kọ́ èmi náà. Ti ọ̀la yẹn ò jẹ́ kí n sinmi."

Aláago fa àga sún mọ́ ọn. Ó pa ìka méjì ọmọ rẹ̀ pọ̀ fún un, àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka, bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀mú mú. Ó ní kó dijú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti Nọ́ọ̀sì, ó ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, sábẹ́ tábìlì tó ti máa ń ṣeré nígbà tó wà ní kékeré, tí gbogbo aago á máa lù lókè orí rẹ̀. Èjìká ọmọ náà rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo nínú ọwọ́ bàbá rẹ̀. Aláago ń bá a mí, wọlé, jáde, kò sì wo aago kankan.

Ìyàwó rẹ̀ pè é pé bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ fẹ́ lọ. Kò gbọ́. Ó tún pè é. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá dìde, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

"Ṣé o pè mí ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ni obìnrin náà wí. Ó na ọwọ́ sí i. "Ẹ dìde. Ẹ wá dì mí mú wọ lífìtì."